Rahamímù, Pátákó Rẹ̀ àti Ẹ̀ka Ọ̀pọ̀tọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣẹ̀ ládùúgbò wa ní Tìbéríà, ẹ má wulẹ̀ da ọlọ́pàá láàmú. Ẹ lọ ka pátákó Rahamímù.

Rahamímù ń gé kọ́kọ́rọ́, ó sì ń tún àgádágodo ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí èèyàn méjì ò lè dúró nínú rẹ̀ kí wọ́n má forí gbárí. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ló dojú kọ tirẹ̀. Èmi Fọtúnà, sìfénjì ni mò ń dín: ìyẹ̀fun pípò tí a dá ihò sí láàárín, tí a jù sínú òróró gbígbóná. Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí èmi àti ọkùnrin yìí ti ń wo ara wa lójú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà, bí mo bá sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, kó tó tan ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́, yóò gbé pátákó dúdú kan síta. Yóò nu ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá kúrò, yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ẹ̀kọ́ tí òun rí nínú ìpín Tórà tí a ó kà ní Sábáàtì tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ yìí fún un. Rábì wa mọ ìwàásù í ṣe, ṣùgbọ́n Rahamímù ní ìwàásù rábì ti ga jù, pé ẹ̀kọ́ tí èèyàn nílò ni èyí tó lè bá a dé ilé ìdáná. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ a sì máa báni dé ilé ìdáná lóòótọ́. Ìgbà mìíràn, a máa báni wọ yàrá.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ka ìtàn Kóra, tó kó èèyàn jọ láti bá Mósè jà tí ilẹ̀ fi gbé e mì, kí ni Rahamímù kọ? Ó kọ ọ́ pé: "Ẹni tó ń ṣèpàdé ìkọ̀kọ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù sínágọ́gù, kó wo ilẹ̀ tó dúró lé." Gbogbo wa yíjú sí ẹlẹ́ja ìsàlẹ̀ ọ̀nà, tó ti ń kó àwọn èèyàn jọ láti ọjọ́ Ìrékọjá pé òun nìkan ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́ atẹ́gùn sí lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ Báláámù, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ la ẹnu bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kọ ọ́ pé: "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí áńgẹ́lì tí ọ̀gá rẹ̀ kò rí. Ọkọ, máa gbọ́ ti ìyàwó rẹ." Inú àwa obìnrin dùn títí di ọ̀sán, kí ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè pé ta ni Rahamímù fi wé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Míríámù sọ̀rọ̀ Mósè láìdáa tí ẹ̀tẹ̀ fi bò ó, ọkùnrin yìí kọ ọ́ gàdàgbà: "Wòlíì obìnrin ni Míríámù, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló sì sọ. Kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó ń dín nǹkan, tó ń sọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò?" Mo sọdá títì tòun ti irin tí mo fi ń yọ sìfénjì.

"Ẹ̀gbọ́n Rahamímù, ta lẹ̀ ń bá wí?"

"Ṣé mo dárúkọ ẹnì kankan ni?"

"Èèyàn mélòó ló ń dín nǹkan ládùúgbò yìí?"

"Fọtúnà, n ò pè ọ́. Ìwọ lo gbé ara ẹ wá."

"Ẹ ṣeun. Láti òní lọ, kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi mu tíì láàárọ̀."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi ta sìfénjì fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Alísà ìyàwó rẹ̀ wá ra mẹ́fà, mo sì rí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń jẹ ẹ́, ó fi ẹ̀yìn sí mi kí n má baà rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Mo kígbe láti ọ̀hún pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, ẹ̀tẹ̀ wà lára rẹ̀!"

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyí: nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ láti ọdún wọ̀nyí wá, kò sí ẹyọ kan tó kan Rahamímù fúnra rẹ̀. Wọ́n ní bí èèyàn bá na ìka kan sí ọmọnìkejì, mẹ́ta ló ń na sí ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni Rahamímù fi mẹ́ta tirẹ̀ dì mú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í bẹ̀rù pátákó náà. Nètáníẹ́lì ni, aládùúgbò Rahamímù, tí ilé àwọn méjèèjì jọ pín ògiri kan. Ọkọ̀ ojú omi ni Nètáníẹ́lì ń wà tẹ́lẹ̀, tó ń fi gbé àlejò ká orí Òkun Gálílì kó tó fẹ̀yìn tì. Òun àti Rahamímù jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá láti Mòrókò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n jọ ṣe sójà, wọ́n sì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú sínágọ́gù. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Nètáníẹ́lì á dúró síwájú pátákó, á kà á tán, á ní, "Rahamímù, èyí dáa. Ìgbà wo lo máa kọ tìẹ?" Rahamímù á rẹ́rìn-ín. Àwa náà á rẹ́rìn-ín.

Rahamímù ò ní àgbàlá. Bákónì tóóró kan ló ní, tí Alísà ń sá aṣọ sí. Nètáníẹ́lì ló ní àgbàlá, ibẹ̀ sì ni igi ọ̀pọ̀tọ́ kan wà tí ìyàwó rẹ̀, Mesúdà, gbìn lọ́dún tí wọ́n bí Júdítì, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Lọ́dọọdún, nígbà Àjọ Àgọ́, àgọ́ kan ṣoṣo ni ilé méjèèjì máa ń pa sínú àgbàlá yẹn, tí wọ́n á jọ máa jẹun níbẹ̀ fún ọjọ́ méje. Rahamímù ní kọ́kọ́rọ́ géètì. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e.

Òfin wa sì ni pé àgọ́ ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ igi. Ẹ̀ka tí a ti gé ni ká fi bo òrùlé, ká sì lè máa rí ìràwọ̀ láàárín rẹ̀. Bí igi tó ṣì ń dàgbà bá bò ó, asán ni. Nítorí náà, kí àjọ tó dé, Mesúdà á gun àkàbà, Nètáníẹ́lì á di àkàbà mú nísàlẹ̀, obìnrin náà á sì fara balẹ̀ gé àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó bá ti ń yọjú síbi àgọ́, á máa bá igi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gé irun ọmọ. Lẹ́yìn náà ni Mesúdà kú. Kò sẹ́ni tó gun àkàbà lọ́dún yẹn. Igi ò sì mọ̀ pé ẹnì kan kú, ó kàn ń dàgbà lọ ni.

Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Àjọ Àgọ́ ku ọjọ́ mẹ́ta. Nètáníẹ́lì wà ní Háífà lọ́dọ̀ Júdítì, ó sì ti sọ pé òun á dé lọ́jọ́ tí àjọ máa bẹ̀rẹ̀. Rahamímù ṣí géètì, ó gbójú sókè, ó rí i pé ọ̀pọ̀tọ́ ti na apá bo gbogbo ibi tí wọ́n ń pa àgọ́ sí. Ṣé kò ní fóònù ni? Ó ní. Fóònù wà lápò rẹ̀, ó tiẹ̀ ń dún, nítorí èmi ni mò ń pè é pé àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi há. Kò gbé e. Ayùn ló gbé. Kì í sì í ṣe ẹ̀ka kéékèèké bíi ti Mesúdà ló gé o. Ẹ̀ka ńlá, tó nípọn tó itan ọkùnrin, ló gé láti ìdí, ó sì fi gbogbo rẹ̀ bo òrùlé àgọ́, tewé tigi.

Nètáníẹ́lì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó mú ẹja tútù méjì dání. Ó wo igi. Ó wo òrùlé. Ewé ọ̀pọ̀tọ́ ti ń rọ. Kò pariwo, ì bá sì sàn kó pariwo. Ó gbé ẹja lé Alísà lọ́wọ́, ó yí padà, ó bá bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn kí àjọ tó wọlé padà sí Háífà. Nígbà tí àjọ parí tó wá dé, ó fi àgádágodo tuntun sí géètì. Háífà ló ti rà á.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin kan tí agékọ́kọ́rọ́ ń gbé lẹ́yìn ògiri rẹ̀ lọ ra àgádágodo ní Háífà. Nètáníẹ́lì ò bá Rahamímù sọ̀rọ̀ mọ́, Rahamímù fara dà á. Ó ṣí ìjókòó rẹ̀ nínú sínágọ́gù, ó fi àyè méjì sáàárín wọn, Rahamímù fara dà á. Àgádágodo yẹn ni kò lè fara dà.

"Irin burúkú," ló máa ń sọ fún mi. "Irin burúkú gbáà, Fọtúnà. Ìṣó lásán á ṣí i."

"Ẹ fi ìṣó ṣí i nígbà náà."

Á kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi bára wọn yan odì. Ṣùgbọ́n Tórà kì í dúró de ìjà ẹnikẹ́ni. Ìpín ń lọ, ìpín ń bọ̀, a sì dé ìpín tó sọ pé bí ẹ bá dó ti ìlú kan láti bá a jagun, ẹ ò gbọdọ̀ gé igi eléso rẹ̀, nítorí igi ha ṣe èèyàn bí, tí ẹ ó fi gbógun tì í?

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo àdúgbò ló jí. Ẹlẹ́ja tí kì í gòkè wá sọ́dọ̀ wa kí aago mẹ́sàn-án tó lù ti dé ní aago méje. Mo po ìyẹ̀fun ní ìlọ́po méjì. Kálukú mú sìfénjì lọ́wọ́, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Rahamímù ṣílẹ̀kùn, ó rí wa, ó tún padà wọlé. Nígbà tó yá, ó gbé pátákó jáde. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: "Adájọ́, má gba rìbá."

Ìyẹn náà wà nínú ìpín yẹn o, n ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ẹlẹ́ja ní, "Bàbá, adájọ́ wo ló ń gbé àdúgbò wa?"

"Bó bá ṣí wá síbí, á ti bá ẹ̀kọ́ nílẹ̀."

Èmi náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan kan nípa igi níbẹ̀? Ó dà bíi pé mo gbúròó igi kan."

"Fọtúnà, òróró ẹ ń jóná."

Òróró mi ń jóná lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo bi í.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín mọ́. Júdítì wá ra nǹkan lọ́wọ́ mi, ó sọ fún mi pé bàbá òun ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní balùwẹ̀. Bí Àjọ Àgọ́ bá ti parí, òun máa kó wọn lọ sí Háífà, àwọn á sì fi ilé sílẹ̀ fún ayálégbé. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí mo fi sọdá. Míríámù ni mí, ẹ jẹ́ n máa ṣe iṣẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, Nètáníẹ́lì ń lọ."

"Ó ń lọ síbo?"

"Háífà. Pátápátá. Bí àjọ bá ti ń parí báyìí."

Ó pa ẹ̀rọ. Kọ́kọ́rọ́ tó ń gé lọ́wọ́ ti bàjẹ́, ó sì ń fi àtàńpàkò ra á bí ẹni pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe. "Oṣù kan lé díẹ̀ ló kù nìyẹn," ló wí. Ojú rẹ̀ ṣú. Àánú ọkùnrin tó fi mí wé adẹ́tẹ̀ ṣe mí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ Sábáàtì rẹ̀, ó lọ kan géètì Nètáníẹ́lì. Géètì yẹn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbi tí mo ti ń dín nǹkan, n kò sì di etí. Nètáníẹ́lì jáde, ó dúró sẹ́yìn irin géètì, kò ṣí i.

"Kí lo fẹ́?"

"Nètáníẹ́lì, mo wá tọrọ àforíjì."

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àbí kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa? Ká ní ó ti dákẹ́ síbẹ̀ ni!

"Nítorí pé nínú ìpín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Tórà ní bí o bá rí màlúù arákùnrin rẹ tó ṣìnà, má ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ náà lè ṣìnà, bó bá sì ti ṣìnà, ó yẹ kí ẹnì kejì..."

"Nínú àwa méjèèjì, ta ni màlúù?"

"Màlúù kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀."

"Ó dàárọ̀, Rahamímù."

Ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ lẹ́yìn Ọdún Tuntun, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi ń ronú pìwà dà kí Ọjọ́ Ètùtù tó dé. Alísà dúró sórí bákónì, ó ń kọ́ ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ. "Bàbá Jóẹ́lì, ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Mo gé igi ẹ, jọ̀ọ́ dárí jì mí. Kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ má mú Mósè lọ, ẹ má mú Ábúráhámù lọ. Oyin nìkan ni kẹ́ ẹ mú lọ." Rahamímù mú ìgò oyin kan, tí a fi ń gbàdúrà kí ọdún tuntun dùn, ó lọ kan géètì.

"Nètáníẹ́lì, ọdún á yabo."

"Àmín. Fún ìwọ náà."

"Mo mú oyin wá."

"Mo rí i."

 Mo rí i tí nǹkan kan ń jà lọ́nà ọ̀fun Rahamímù, bí ẹni tó ń dá sín-ín dúró. Kò dá a dúró.

"Jósẹ́fù," ló wí. "Nígbà tí àwọn arákùnrin Jósẹ́fù wá bá a..."

"Rahamímù!"

"Kì í ṣe ìpín ọ̀sẹ̀ yìí! Ó ku oṣù mẹ́ta ká tó kà á!"

Nètáníẹ́lì na ọwọ́ gba àárín irin, ó gba ìgò oyin náà, nítorí oyin ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó wá ní, "Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ka pátákó ẹ. Mo ti rí ẹlẹ́ja níbẹ̀. Mo ti rí Fọtúnà. Mo ti rí Alísà tó ń se oúnjẹ fún ẹ. N ò tíì rí Rahamímù níbẹ̀ rí. Ọjọ́ tó o bá rí i, sọ fún un pé mo wà nílé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Rahamímù wá bá mi. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló gbé e wá, àfi bí mo ṣe rí i tí ojú rẹ̀ ń dán.

"Méjì ti lọ," ló wí. "Ó ku ẹyọ kan."

"Ó ku ẹyọ kan kí kí ni ṣẹlẹ̀?"

"Kí n bọ́. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà wa ní bí èèyàn bá bẹ ẹni tó ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tónítọ̀hún kọ̀, ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn rẹ̀."

Inú bí mi débi pé mo ju ìyẹ̀fun sínú òróró láìdá ihò sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé bíbọ́ lẹ̀ ń wá ni, àbí ọ̀rẹ́ yín? Tó bá jẹ́ bíbọ́ ni, ẹ lọ kan géètì ọ̀hún báyìí, kẹ́ ẹ pe màlúù sí i, kó lé yín, kẹ́ ẹ padà wá mu tíì. Ẹ ti bọ́ nìyẹn. Kó wá máa lọ sí Háífà."

Ó la ẹnu. Ó wá ìpín kan, kò rí. Ó mú sìfénjì tí kò níhò náà, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Ọ̀sán àìsùn Ọjọ́ Ètùtù dé. Aṣọ funfun ló kún títì, kálukú ń sáré kó lè jẹun kí ààwẹ̀ tó wọlé, kálukú sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá pàdé. Ẹlẹ́ja tọrọ lọ́wọ́ mi, mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Rahamímù tọrọ lọ́wọ́ mi, mo dárí jì í, tòun ti ẹ̀tẹ̀. Ó tọrọ lọ́wọ́ afìwéránṣẹ́, tí kò ṣẹ̀ rí láyé. Nígbà tó tọrọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí kò ṣẹ̀ tán, ó lọ síwájú géètì Nètáníẹ́lì, ó gbé ọwọ́ sókè láti kàn án. Ọwọ́ náà dúró lókè fún ìgbà pípẹ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí," ló wí. "Tí mo bá kàn án, tó sì kọ̀, mo ti bọ́." Ó wo bàtà aṣọ tó wọ̀. "Fọtúnà, n ò fẹ́ bọ́."

Omijé bọ́ lójú mi, n ò ní tijú sọ ọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ètùtù, ìwé Jónà la máa ń kà. Mo wà lókè níbi tí àwa obìnrin ń jókòó, mò ń wo orí àwọn méjèèjì nísàlẹ̀, pẹ̀lú àyè méjì láàárín. Wọ́n ka ibi tí ewéko tó ń ṣíji bo Jónà ti gbẹ, tí Jónà bínú débi pé ó ní ikú yá ju ìyè lọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó yá, Rahamímù á yíjú sí ẹnì kan báyìí. Kò yíjú sí ẹnikẹ́ni. Ó fa ìborùn àdúrà rẹ̀ bo ojú, kò sì ṣí i títí wọ́n fi kà á tán.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ààwẹ̀, ìró òòlù gba gbogbo àdúgbò, nítorí Àjọ Àgọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èmi wà nínú ilé Nètáníẹ́lì, mò ń bá Júdítì fi ìwé ìròyìn wé àwọn ife Mesúdà sínú páálí. Géètì ṣí sílẹ̀ nítorí ẹrù tí wọ́n ń kó. A gbọ́ ohùn Alísà láti orí bákónì.

"Bàbá Jóẹ́lì! Àjọ ku ọjọ́ mẹ́ta! Ṣé abẹ́ tábìlì la ti fẹ́ jẹun ni? Tí ẹ ò bá ní kọ́ nǹkan kan, ẹ kúkú kó igi gbígbẹ yín kúrò ní bákónì mi! Ọdún kan gbáko! Aláǹtakùn ti bímọ, ọmọ ti bímọ nínú ẹ̀!"

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé igi gbígbẹ kan wà ní bákónì Alísà. Kò pẹ́ tí Rahamímù yọ sí géètì. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, eérú irin wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ lé èjìká, èyí tó gé lésìí, láìsí ewé kankan lára rẹ̀ mọ́. Ó wo àgádágodo Háífà díẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Díẹ̀ náà ni. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀ka náà kalẹ̀ síwájú Nètáníẹ́lì tó jókòó sórí àga nínú àgbàlá.

"Tìẹ nìyí," ló wí. "Èmi ni mo gé e. O ò sí nílé, n ò sì bi ọ́. Fóònù wà lápò mi. Mo mọ̀ pé Mesúdà ló gbìn ín, mo sì gé e. Ohun olóhun ni mo fi bo àgọ́, mo jókòó sábẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ méje, mò ń yin Ọlọ́run."

 Èmi àti Júdítì wo ara wa. À ń retí Ábúráhámù, à ń retí Jósẹ́fù, à ń retí màlúù.

"Ó tán," ni Rahamímù wí.

Nètáníẹ́lì wo ẹ̀ka náà. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé."

"N ò kà á mọ́. Tó o bá kọ̀, màá padà wá lọ́la. Tó o bá lọ sí Háífà, màá wọ bọ́ọ̀sì wá."

"Ẹ̀yìn ẹ ò lè gba bọ́ọ̀sì Háífà."

"Mo mọ̀."

Nètáníẹ́lì bẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré kan lára igi náà, ó dún pàù. "Ó ti gbẹ dáadáa," ló wí. Ó ń yí i po láàárín ìka rẹ̀. "Ìwọ wèrè yìí. Ká ní o pè mí ni, màá ní kó o gé e. Mesúdà fúnra ẹ̀ máa ń sọ pé ẹ̀ka yẹn ti tóbi jù. Mo kàn fẹ́ wà níbẹ̀ kí n di àkàbà mú ni. Nínú gbogbo ohun témi àtiẹ̀ jọ ń ṣe, àkàbà yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi."

Ife kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Àwọn arúgbó méjèèjì ń sunkún, wọn ò sì bojú.

Nètáníẹ́lì ló kọ́kọ́ nu ojú. "Kí lo dúró ń wò? Lọ gbé ọ̀pá àgọ́ wá. Ẹ̀ka yìí, mo ti fún ẹ. Ó di tìẹ báyìí, fi bo òrùlé."

Wọ́n jọ jókòó sínú àgọ́ náà fún ọjọ́ méje, wọ́n ń jiyàn láàárọ̀, wọ́n ń jiyàn lálẹ́, gbogbo wa sì ń gbọ́ wọn lójú títì. Aláǹtakùn kan já bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹja Alísà lọ́jọ́ kẹta. Obìnrin náà ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní tó tẹ̀ lé àjọ, ọkọ̀ Júdítì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù kún un. Nètáníẹ́lì wọ ṣọ́ọ̀bù Rahamímù, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kékeré kan sórí tábìlì.

"Gé ọ̀kan bíi tiẹ̀ fún ara ẹ. Ayálégbé ti gbà pé kó o máa bomi rin igi."

Rahamímù gbé kọ́kọ́rọ́ Háífà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Irin burúkú."

"Gé e. Ẹ̀ka kéékèèké nìkan lo máa gé o. Kó o sì pè mí kó o tó gùn ún."

Níta, àdúgbò ti pé síwájú pátákó. A ti tún bẹ̀rẹ̀ Tórà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dá la ó kà. Rahamímù ti kọ ọ́ pé: "Ọlọ́run bi Ádámù pé, níbo lo wà? Ádámù fi ewé ọ̀pọ̀tọ́ bora, ó ní obìnrin ni. Èmi Rahamímù gé ọ̀pọ̀tọ́ Nètáníẹ́lì láìbi í. Èmi ni." Ẹlẹ́ja kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ohun tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nètáníẹ́lì jáde, ó kà á, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó kọ ìlà kan sísàlẹ̀: "Mo ti rí i. Nètáníẹ́lì." Júdítì tẹ fèrè ọkọ̀, bàbá rẹ̀ sì wọlé sínú ọkọ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ́ Rahamímù ti kúrú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bó bá ń nu pátákó, á rọra yí àkísà po ìlà Nètáníẹ́lì, kì í kàn án, nítorí náà ìdajì pátákó ló kù fún Mósè àti gbogbo àwa yòókù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ Míríámù tún yí po, mo ti mú irin mi dání kó tó gbé pátákó jáde. Ohun tó kọ ni pé: "Fọtúnà ń sọ ọ́ lẹ́nu, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ kan náà ni." Mo dá irin padà, mo sì gbé sìfénjì méjì sọdá lọ fún un.

Ẹlẹ́ja wà níbẹ̀, ó ń tọ́ka sí ìlà ìsàlẹ̀. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò nu èyí kúrò? Ààyè ò tó yín mọ́."

Rahamímù ń jẹun, kò gbójú sókè. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀," ló wí. "Òun ló ń bá mi di àkàbà mú."